Nígbà Tí Ìfẹ́ Òǹwòran Bá Di Ọgbà

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìnísà ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ kí i ní àkókò ọdún, iná ìjọba sì ti lọ láti àárọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi nìkan ni ó ṣì ní iná nínú. Kí n tó kúrò ní Ìbàdàn ni mo ti gba eré kan sórí rẹ̀, She Must Be Obeyed, eré alápá márùn-ún tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní ọdún 2023. Màmá (bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n màmá mi nìyẹn) ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin méjì ní ojúlé kejì. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n gbé ẹ̀pà sáàárín. Ojú Fúnkẹ́ kò tíì hàn tán tí wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín. "Jénífà ti dé o!"

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu wọn. Olórin ńlá ni Fúnkẹ́ nínú eré náà, agbéraga ẹ̀dá tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó bá ti ń bọ̀. Ó ń bú wọn bí ẹní bú ẹrú, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ọwọ́ Màmá dúró nínú àwo ẹ̀pà. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi pa á. Jénífà mi kọ́ nìyí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, eré ni wọ́n ń ṣe."

"Ṣé mo ní kì í ṣe eré ni? Mo mọ̀ pé eré ni. Èmi ni n kò fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀."

Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi padà délé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé òǹwòran wa kò mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti òótọ́, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣépè fún òṣèré tó ṣe ìyálé burúkú bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́jà. N kò gbà. Màmá mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí ẹni tí òun ti fi ṣe ọ̀rẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá gbé ìwà mìíràn wọ̀ níwájú òun. Ìfẹ́ ni, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìfẹ́ yìí ni mo sì fẹ́ sọ pé ó lè di ọgbà yí òṣèrébìnrin ká, ọgbà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń bá wa tún ṣe bí ó bá ti fẹ́ wó, nítorí inú rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Fúnkẹ́ náà dáadáa. Kí Jénífà tó dé, Bísí ni a mọ̀ ọ́n sí, nínú eré orí tẹlifíṣàn kan tí ń jẹ́ I Need to Know, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni Bísí, ọlọ́pọlọ pípé tí kì í sinmi ìbéèrè. Nígbà tó di ọdún 2008, Fúnkẹ́ kọ Jenifa fúnra rẹ̀, ó sì ṣe Suliat, ọmọ abúlé tí ó wọ Yunifásítì Èkó, tí ojú ń tì pé abúlé ni òun ti wá, tí ó sọ ara rẹ̀ ní orúkọ tuntun, tí ó sì ń fọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹní fọ́ àwo. Láti ọ̀dọ̀ Bísí dé ọ̀dọ̀ Suliat, ọ̀nà náà jìn, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Ní ọdún 2009, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dáńtọ́ jù lọ níbi Africa Movie Academy Awards nítorí fíìmù náà.

Ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wa ti gbàgbé nípa fíìmù àkọ́kọ́ yẹn. Jénífà inú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ìyá kan yóò fẹ́ kí ọmọ òun fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó kẹ́gbẹ́ àwọn ọmọge tí ń fi ara wá owó, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì dára. Ìtàn ìkìlọ̀ ni. Àwa òǹwòran ni a gbọn ìkìlọ̀ náà dànù bí èèpo ẹ̀pà, tí a kó ẹ̀rín nìkan lọ sílé. Nígbà tí Jenifa's Diary yóò fi bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní ọdún 2014, Jénífà ti di ọmọ dáadáa tí Gẹ̀ẹ́sì kàn ń ṣòro fún, tí ń ṣiṣẹ́ nílé onídìrí ní Èkó, tí ń wá bí ayé òun yóò ṣe gún. A ti bá òǹkọ̀wé tún ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ mọ, ó sì rí bí a ṣe fẹ́.

N kò ní purọ́ mọ́ Fúnkẹ́, kò jókòó sójú kan. Lefty, ọmọ àdúgbò tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé nílẹ̀ bí ìjà bá dé, ni ó ṣe nínú Ọmọ Ghetto ní ọdún 2010. Nínú A Tribe Called Judah ti ọdún 2023, ìyá aláìsàn ni, tí ó bí ọmọkùnrin márùn-ún fún baba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fíìmù yẹn ni ó kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn ilé sinimá Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ni ti olórin rírorò tí Màmá ní kí n pa. Nígbà tó wá di oṣù Kejìlá ọdún 2024, ta ni a tún rí? Everybody Loves Jenifa. Àkọlé yẹn ti sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ tán, òun náà sì pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn Jénífà àkọ́kọ́ nìyẹn. N kò dá a lẹ́bi. Ta ni yóò ní ìsọ̀ tí ọjà ń yá níbẹ̀ tí yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa? Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń kọ ìtàn fúnra rẹ̀, tí ó sì ń ṣe agbátẹrù eré ara rẹ̀, bá ṣì ń padà sẹ́nu ilẹ̀kùn Jénífà, kí ni ti ẹni tí ó jókòó ti fóònù, tí ó ń retí kí olùdarí eré pè é?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Mary Pickford, tí wọ́n bí ní Kánádà ní ọdún 1892, wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ United Artists sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1919. Òun ni ọ̀gá ara rẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí ó ṣe Little Annie Rooney ní ọdún 1925, ọmọdébìnrin onírun gígùn ni ó sì ṣe nínú rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Photoplay irú ipa tí wọ́n fẹ́ kí òun kó, orúkọ àwọn ọmọdé inú ìwé ìtàn ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún 1928, ó gé irun náà. Irun lásán, ó di ìròyìn káàkiri ayé! Ó ṣe obìnrin tó ti dàgbà nínú Coquette ní ọdún 1929, ó sì gba Oscar. Ọdún 1933 ni eré rẹ̀ tó kẹ́yìn jáde. Ọmọ ogójì ọdún péré ni.

Ní agbègbè tiwa níbí, kò fìgbà gbogbo rí báyìí. Òṣogbo kò jìnnà sí Ìkìrun, Òṣogbo sì ni ibùdó ẹgbẹ́ òṣèré Bàbá Oyin Adéjọbí, ẹni tí àwọn òbí wa kò lè gbàgbé nítorí Kóòtù Aṣípa. Ẹgbẹ́ alárìnkiri kì í gbé eré kan ṣoṣo rìn. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí ní ìlú kan lónìí, òmíràn ni wọn yóò gbé wá bí wọ́n bá tún padà dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni yóò sanwó ẹnu ọ̀nà? Nítorí náà, òǹwòran Ìkìrun lè rí obìnrin kan gẹ́gẹ́ bí aya onísùúrù lónìí, kí ó tún rí i gẹ́gẹ́ bí orogún oníjàgídíjàgan nígbà mìíràn. Obìnrin kan náà ni, lójúkorojú, kò sí ẹ̀rọ kankan láàárín wọn. Bí eré bá sì parí, òǹwòran náà lè rí i níbi tó ti ń bá wọn di ẹrù sínú ọkọ̀. Ojú òǹwòran mọ́ ọn nínú ìwà púpọ̀, ọ̀pọ̀ ìwà yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń yìn ín pé ó mọṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé ayé ìgbà náà dùn fún wọn. Ó mọ́ wa létí pé Ògúńdé fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣe aya, nítorí àwọn òbí kò fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n kà sí iṣẹ́ aláìníláárí. Ọkọ ni ọ̀gá, ọ̀gá náà ni ó ń pín ipa. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣe àjẹ́ lálẹ́ òní kò lè ní òun kò ṣe. Òmìnira tí wọ́n ní lójú agbo kò dé inú ilé.

Fídíò ni ó yí ọ̀rọ̀ padà, láti ìparí àwọn ọdún 1980 wá. Ẹni tó bá ṣeré lójú agbo, eré náà bá alẹ́ yẹn lọ. Ẹni tó bá ṣe é sínú fídíò, ó wà níbẹ̀ títí. Ohun tí o ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò máa wò ó lọ́dún mẹ́wàá sí i. Àwọn olówò fíìmù ní Ìdúmọ̀tà mọ èyí. Ojú tó wà lára pósítà ni wọ́n ń tà. Bí ojú yẹn bá ti túmọ̀ sí "ìyàwó tó ń jìyà" lọ́kàn oníbàárà, kí ni wọn yóò fi í túmọ̀ sí nǹkan mìíràn fún? Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ya ọ̀pọ̀ fíìmù wọ̀nyí, owó kò tó, àyè ìgbáradì kò sí. Olùdarí eré tó fẹ́ obìnrin tí yóò sunkún ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kò ní ráyè dán ẹlòmíràn wò, ẹni tí omijé rẹ̀ kì í jìnnà ni yóò pè. Lónìí tí ọjà ti ṣí lọ sórí YouTube, àwòrán kékeré tí a ń rí ká tó tẹ fídíò ni ó gba iṣẹ́ pósítà. Òfin ọjà náà kò yí padà.

Ẹ lè ní ṣé kì í ṣe bákan náà ni ó rí fún àwọn tí wọ́n sọ di ẹni burúkú ni. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá Gbonkan ti jẹ àjẹ́ títí nínú eré, ó sì dájú pé ó ti fojú winá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a ń bẹ̀rù bá rẹ́rìn-ín, inú wa á dùn, a ó ní, "Ẹ wò ó, ó mà lẹ́wà o!" Bí ẹni tí a fẹ́ràn bá fajú ro, ó dà bí ẹni pé ó da wá. Ẹ rántí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé. Toyin Tomato ni gbogbo ilé ń pè é nítorí obìnrin afọ́lé tí ó ṣe nínú Oh Father, Oh Daughter, ní ìbẹ̀rẹ̀ Super Story, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e fún ọdún gbọọrọ. Ní ọdún 2016, ó ṣe ìyá ìyàwó aláriwo nínú The Wedding Party, gbogbo wa sì gbà á mọ́ra lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dá Toyin Tomato òun padà. Èyí tí ó ṣòro ni ohun tó tẹ̀ lé e. Kẹ́mi Adétibà tí ó darí ìyá aláriwo yẹn ni ó tún fi Ṣọlá ṣe Ẹniọlá Salami nínú King of Boys ní ọdún 2018: obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ní ìyá tí gbogbo ayé fẹ́ràn lọ́wọ́, tó wá fi òòlù lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ojo. Mo gbà pé bí kì í bá ṣe pé olùdarí náà ti rí i nítòsí, kò ní gbójú lé e bẹ́ẹ̀.

Òkukù ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi máa ń lọ bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ẹ̀kọ́ Yorùbá yóò mọ orúkọ ìlú náà, nítorí ibẹ̀ ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní àwọn ọdún 1970, tí ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ilé, tí ó sì fi kọ ìwé rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, tí ó jáde ní ọdún 1991. (Òun kan náà ni ó bá ẹgbẹ́ Adéjọbí rìn, tí ó bá wọn ṣeré, tí ó sì kọ ìwé lórí wọn.) Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìwé náà ni pé oríkì kì í gún bí ìtàn. Ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni wọ́n ti kó àwọn ègé rẹ̀ jọ. Ọ̀làwọ́ wà níbẹ̀, òǹrorò wà níbẹ̀, àbùkù ara pàápàá wà níbẹ̀, ẹnì kan náà ni wọ́n sì ń kì. Obìnrin ilé tó ń kì í kò ní dúró béèrè pé èwo gan-an ni ọkọ òun nínú gbogbo wọn. Bí ègé náà bá ṣe pọ̀ tó ni orí ẹni tí wọ́n ń kì yóò ṣe wú tó.

Àwa tí a bí sínú èyí ni a wá ń fún òṣèrébìnrin ní ègé kan ṣoṣo. Lánre Hassan di Ìyá Àwẹ̀ró, Ìdòwú Phillips di Ìyá Rainbow, Fausat Balógun di Madam Saje, Fúnkẹ́ di Jénífà, orúkọ tí òbí sọ wọ́n sì di ohun tí a ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní kí a má pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n ìnagijẹ ni, kò tíì di oríkì.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ Ìkìrun ni, a jọ kàwé ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣe ìyàwó kan tí ìyá ọkọ ń fìyà jẹ, tí kò sì fọhùn títí eré fi parí. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó pè é fún nǹkan mìíràn. Ó ka àwọn eré náà fún mi lórí fóònù: ìgbà mọ́kànlá ni ó ti kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ. Bí ó bá dé ọjà Ìkìrun, àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a ní, "Olúwa á tán ẹkún rẹ, ọmọ mi." Ata ni ìyá tirẹ̀ ń tà lọ́jà kan náà, àwọn oníbàárà sì ti pọ̀ sí i lọ́dọ̀ ìyá náà nítorí ọmọ. Ẹnì kan tí ń ṣòwò ọṣẹ ń sanwó fún un láti fi ojú rẹ̀ polówó. Owó ọṣẹ yẹn ju ohun tí ó ń rí nínú eré méjì lọ.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n pè é fún ipa kan tí kò jọ èyí tó ti ń ṣe: obìnrin tó ń bá àwọn ajínigbé gbowó lọ́wọ́ ẹbí ẹni tí wọ́n jí gbé. Yóò máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bínú o." Nígbà tí ó kà á fún mi, ara mi bù máṣọ. Ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà tí a fi ń kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀ ni ó fi ń gba owó ẹ̀mí. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a mu tó bẹ́ẹ̀, olùdarí eré náà sì mọ̀.

Ọlọ́ṣẹ ní bí ó bá ṣe é, kó má retí owó mọ́. Ìyá rẹ̀ kò sọ pé kó má ṣe é. Ohun tí ó béèrè ni pé, "Bí mo bá jókòó ti ata mi, tí wọ́n wá bi mí, kí ni kí n wí?" Ọ̀rẹ́ mi kò rí èsì fọ̀. Èmi náà kò rí, mo kàwé tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó máa lọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni n ó san owó ilé fún un.

Ó ti gbà á. Ìtòsí Òkukù ni wọn yóò ti yà á, láàárín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo pe Màmá ní Ìnísà láti sọ fún un, nítorí òun náà mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ máa ń gbàdúrà fún un.

"Ṣé yóò sunkún níbẹ̀?" ni ó kọ́kọ́ béèrè.

Mo ní rárá, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa sunkún.

Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ìlà ti já. "Bí ó bá ti jáde, gbé e wá," ni ó wí. "Kí bátìrì rẹ kún o."